Yìnyín Tí Bàbá Mi Gbé Bọ̀ Wálé

Ọmọ kékeré ni mí, ìwé mẹ́ta ni mo wà, nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin kúrò n'Ìkìrun lọ sí Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Èkó láàárọ̀ tí ẹ sì ń padà dé nírọ̀lẹ́, ẹ kò lè mọ ohun tí ìrìn àjò yẹn jẹ́ fún ọmọ tí kò tíì rìn kọjá Òkukù rí. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń tọ́ mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń sùn, àwọn ni mo sì máa ń tẹ̀ lé lọ sí ọjà Òkukù tí wọ́n bá fẹ́ lọ ta èlùbọ́. Bàbá mi ní tiwọn wà l'Ékòó, iṣẹ́ fíríìjì ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí a gba ìsinmi, ìyá àgbà di ẹrù mi, wọ́n ní kí n lọ kí bàbá mi kí n má baà gbàgbé ojú wọn.

Kì í ṣe fíríìjì inú ilé nìkan ni bàbá mi ń ṣe. Àwọn apẹja tó ń lo ọkọ̀ ńlá máa ń pè wọ́n kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, kí ẹja má baà bàjẹ́ kí wọ́n tó padà sí èbúté. Ọkọ̀ kan báyìí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Àpótí ńlá kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ náà, pákó ìlọ́po méjì ni wọ́n fi kàn án, wọ́n sì ki lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn rẹ́ sílẹ̀ sáàárín rẹ̀ kí ooru má baà wọlé. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́ yí inú rẹ̀ ká. Wáyà ni bàbá mi ń fà nígbà náà. Wọ́n ní wáyà inú ọkọ̀ kò dà bíi ti ilé, pé omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́. Nítorí náà, òkè lábẹ́ àjà ni wọ́n ń gbé e gbà, wọ́n ń dì í mọ́ pákó, wọ́n sì ń fi gírísì pa ojú gbogbo ibi tí wáyà ti pàdé wáyà. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa po ọṣẹ kó hó dáadáa. Bàbá mi á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí oríkèé páìpù. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú sókè, ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà jò. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju ìwé lọ. Wọ́n sì ti ṣèlérí fún mi pé èmi ni n óò kọ́kọ́ lá yìnyín tí ẹ̀rọ náà bá ṣe, èmi tí n kò rí yìnyín rí.

Ní ọjọ́ kẹfà tí mo dé Èkó, obìnrin kan wá bá wa ní èbúté. Ará Òkukù ni, iṣu ló máa ń kó wá tà l'Ékòó, inú ọjà ni ìyá àgbà ti mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó fa lẹ́tà yọ nínú àpò rẹ̀. Bàbá mi ní kó jókòó, ó ní rárá. Wọ́n bu omi fún un, kò mu ún.

"Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ nílé ni, sà," ló wí, ó sì yí padà, ó lọ.

Bàbá mi kò mọ̀wé, èmi ni mo ka lẹ́tà náà. Olùkọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló bá wọn kọ ọ́. Kò gùn rárá: ara ìyá kò yá, kí bàbá mi máa bọ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà, ìlà kan wà nísàlẹ̀ pé ìyá ní kí n má gbàgbé ìborùn àwọn tí mo gbé mọ́ ẹrù mi lọ.

Bàbá mi jókòó sórí pákó ọkọ̀, wọ́n bú sẹ́kún. "Ìyá mi ti kú."

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ta ló ń kọ̀wé sí ẹni tó wà lájò pé ìyá rẹ̀ ti kú? A kì í fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó dá wà lọ́nà jíjìn. A ó ní ara ìyá kò yá, kó máa bọ̀, ìgbà tó bá délé ni àwọn àgbà á tó tú u fún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe pe bàbá mi wálé nígbà tí bàbá tiwọn kú, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ẹ wá fi ti obìnrin tí kò jókòó, tí kò mu omi, kún un.

"Bàbá," mo wí, "ìyá àgbà ṣì ń bèèrè ìborùn wọn."

Bàbá mi mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é, ọmọ mi. Wọ́n á fi nǹkan bẹ́ẹ̀ kún un kí ara má baà fu wá."

Mo mọ ìyá àgbà. Ọkàn mi sọ fún mi pé ẹni tó ń ṣọ́ ìborùn báyẹn kò tíì kú. Mo lè tún un sọ. Mo lè fi ẹkún dá ọjọ́ náà rú títí a ó fi lọ sí ìdíkọ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí yìnyín ni mo fẹ́ lá. Ẹ má bi mí irú ọmọ tí mo jẹ́, èmi náà ti bi ara mi títí ó ti sú mi.

Bàbá mi ní lẹ́tà náà ti lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́nà, wọn á ti sin ìyá àgbà, ọjọ́ kẹjọ nìkan ló kù tí àwọn lè bá. Wọ́n bá pinnu pé àwọn yóò parí ọkọ̀ náà, àwọn yóò sì gbé yìnyín rẹ̀ lọ sí Ìkìrun, kí gbogbo ẹni tó bá wá bá wọn kẹ́dùn lè mu omi tó tutù. "Ìyá mi kò rí ohun tí mo ń ṣe l'Ékòó rí," ni wọ́n ń wí ṣáá. "Ó kéré tán, kí àwọn èèyàn wọn rí i."

Ọjọ́ mẹ́ta la lò sí i. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n tan ẹ̀rọ náà, ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Bàbá mi tú gbogbo wáyà tí wọ́n ti dì, wọ́n wá a títí wọ́n fi rí ibi tí iyọ̀ ti jẹ ẹnu ọ̀kan, wọ́n gé e, wọ́n so òmíràn. Lọ́jọ́ kejì, gáàsì ń jò. Mo po ọṣẹ. Lọ́jọ́ kẹta, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun kùn ún, omi tí a bù sínú agolo sì dì gbagidi. Bàbá mi fọ́ ọ, wọ́n fún mi ní èérún kan. Mo lá a, mo sì rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé mo rẹ́rìn-ín.

A ki yìnyín sínú àpótí pákó kékeré kan, a fi lẹ́búlẹ́bú igi bò ó, a wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀sán la dé Ìkìrun. Àwọn èèyàn kún ojúde wa. Bàbá mi ti múra sílẹ̀ láti rí sàréè, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ yàrá, orí ẹní ni wọ́n bá ìyá àgbà, pẹ̀lú aṣọ funfun lára wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà tó wá láti Inisa wá tọ́jú wọn ló dìde sí bàbá mi.

"Ibo lo wà? Ọmọ yìí, ibo lo wà? Òwúrọ̀ yìí ni. Ilẹ̀ ti mọ́ kó tó lọ. Ojú ọ̀nà ló ń wò láti ọjọ́ yìí wá."

"Ẹ ní ara wọn kò yá," bàbá mi wí.

"Ara rẹ̀ kò yá ni! Kí la bá tún sọ? Ara rẹ̀ ń jó bí iná. Omi tútù, omi tútù, ohun tó ń bèèrè nìyẹn."

Obìnrin Òkukù yẹn tí kò jókòó, ẹrù iṣu rẹ̀ tó fi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ló ń sáré lọ bá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tẹ́ ìborùn náà lé ìyá àgbà láyà, kò sẹ́ni tó sọ pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi jáde lọ jókòó sórí àpótí yìnyín ní àgbàlá, omi ń ṣàn lábẹ́ wọn gba ìdí ògiri lọ. Kò sẹ́ni tó mu nínú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la sin ìyá àgbà.

Bàbá mi kò bá mi wí, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n fi ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ náà yangàn mọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà yẹn, n kò sọ ọ́ fún wọn títí wọ́n fi lọ.

Ayé ti yí padà. Lónìí, omi tútù kún gbogbo ìsọ̀ láti Ìkìrun dé Inisa, àwọn ọmọ ọmọ mi á mu ún tán, wọ́n á tún ní kò tutù tó. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ lè máa wo ojú ẹni tó wà lókè òkun bó ṣe ń jẹun. Síbẹ̀, mo ń gbọ́ yín. Tí àgbàlagbà kan bá kú nínú ilé, ẹ á pe ọmọ rẹ̀ lájò, ẹ á ní bàbá kàn ń ṣòjòjò díẹ̀ ni, kó máa bọ̀. N kò bá yín wí, àánú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti tèmi, mo bẹ̀ yín. Bí mo bá kú, ẹ pe àwọn ọmọ mi, kí ẹ sọ fún wọn pé mo ti kú. Bí ẹ bá sì ní ara mi kò yá, kí wọ́n mọ̀ pé ara mi kò yá ni. Kí wọ́n wá.