Ọbẹ̀dò Inú Àpótí Ẹja

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, òórùn ìsàlẹ̀ kànga tí ẹnikẹ́ni kò fà mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mo jókòó ní pálọ̀ wa ní àdúgbò Durumi, mo ń wo àpótí ẹja onígíláàsì tí ọmọ mi obìnrin fi sílẹ̀ fún mi. N kò rí ẹja kankan. Ọbẹ̀dò, ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára ìkòkò omi, ti bo gbogbo gíláàsì náà. Ó yẹ kó dùn mí. Kò dùn mí. Kò sí nǹkan tó ń dùn mí nígbà yẹn, kò sì sí èyí tó ń dùn mọ́ mi nínú.

Ìyàwó mi àti ọmọ wa ti lọ sí Kánádà, níbi tí ìyàwó mi ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n máa lọ, pé bí mo bá ti yanjú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba mi, n óò tẹ̀ lé wọn. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ọmọ náà kò sunkún. Ohun tó sọ kò ju pé, "Dádì, ẹ máa fún àwọn ẹja mi lóúnjẹ o." Mo gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá jí, mo fún wọn. Bí mo bá dé, mo fún wọn. Bí ilé bá dákẹ́ jù, mo tún bu díẹ̀ sí i. Mo gbé wọn sójú fèrèsé kí oòrùn lè máa ta sí wọn, mo sì ń tan iná orí àpótí náà látàárọ̀ dalẹ́. Mo rò pé ìtọ́jú nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù kí a lè rí ojú ara wa. Lọ́jọ́ kan mo yí fóònù sí àpótí náà, ọmọ náà ní, "Dádì, mi ò rí wọn. Ṣé wọ́n ti kú ni?" Mo ní wọn ò kú. Lọ́jọ́ kejì mo da gbogbo omi nù, mo fi ọṣẹ fọ gíláàsì àti òkúta inú rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo sì da omi ẹ̀rọ tuntun sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja méjì ti léfòó. Mo kó wọn dànù bí ẹni kó eruku. Kò pẹ́, ọbẹ̀dò tún dé.

Alhaja tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà, ló gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi, tó sì rí i.

"Kai! Ẹja lò ń sìn ni, àbí o ń dáko?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Òun náà ti sin ẹja rí, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé.

"Oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán ló ń jẹrà sómi," ó ní. "Òun àti oòrùn ni ọbẹ̀dò fi ń dàgbà. Dín oúnjẹ kù, dín iná kù, gbé wọn kúrò lójú fèrèsé. Omi díẹ̀ ni kí o máa pààrọ̀, kí o sì jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ná, kí oògùn inú omi ẹ̀rọ lè fò lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó wá wò mí. "Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

N kò rántí bóyá mo ti jẹun.

Igun kan ṣoṣo tí oòrùn kì í dé ni ibi tí àga ìyàwó mi wà, àga tí a jọ rà lọ́jà àga Kugbo nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo gbé e lọ sí yàrá ẹrù, mo sì gbé àpótí ẹja sí ipò rẹ̀. Mo ṣe bí Alhaja ti wí, mo sì ń fi kànrìnkàn ha gíláàsì ní gbogbo Sátidé. Díẹ̀díẹ̀, omi náà mọ́.

Ọjọ́ tí mo fi í han ọmọ náà lórí fóònù, ó ka ẹja rẹ̀. "Méjì ti kú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo igun tí àpótí náà wà, ó wá béèrè pé, "Dádì, àga Mọ́mì dà?"

"Ó wà ní yàrá ẹrù."

"Tá a bá wá, níbo ni Mọ́mì máa jókòó sí?"

Ìyàwó mi ń fọ abọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí omi ẹ̀rọ dá.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi nìkan ló pè. "Ṣé o ṣì fẹ́ wá?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun náà kò mọ̀ bóyá òun ṣì ń retí mi. Òtítọ́ àkọ́kọ́ tí a sọ fún ara wa láti ìgbà tí wọ́n ti lọ nìyẹn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. N kò tíì lọ, wọn kò sì tíì wá, ṣùgbọ́n èmi àti ìyàwó mi ń bára wa sọ̀rọ̀ gidi. Bí mo bá rántí ọkùnrin tó ń bu oúnjẹ sómi nítorí pé ilé dákẹ́, n kì í bínú sí i. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò tíì sunkún. Ṣùgbọ́n mo ń ríran.