Ìgbà Tí Màámi Dúró Lábẹ́ Igi Àgbálùmọ̀

Gáàsì tán nílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ò sì jẹ́ kí n lè jáde lọ rà á. Mo bá ṣa igi jọ sẹ́yìnkùlé, mo dáná, mo gbé omi mímu kaná. Nígbà tí omi náà tutù tí mo bù fún ọmọ ọmọ mi, ó gbé e sẹ́nu, ó fajú ro, ó ní, "Màmá, omi yìí ń rùn bí èéfín." Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti mu irú omi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ọdún tí mo sì mu ún yẹn kì í ṣe ọdún tí ọmọdé ń gbàgbé.

Ìkirè la wà nígbà náà, nínú ilé ńlá kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níwájú àti kànga láàárín àgbàlá. Àwa ọmọdé ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí wọ́n bá pe orúkọ kan, ó ṣeé ṣe kí ẹni mẹ́ta jẹ́ ẹ. Abọ́ kan náà la jọ ń jẹun. Ọwọ́ wa á máa kọlu ara wọn nínú ọbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ló ń yó. Bí a bá ti ibi eré dé, ike kan ṣoṣo la fi ń bu omi mu nínú àmù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ẹni tó bá mu tán á da ìyókù padà sínú àmù, nítorí wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í fi omi ṣòfò.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, ló ń ṣàkóso gbogbo wa. Dòdò Ìkirè ni wọ́n ń dín tà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, tí ẹlòmíràn á kó dà nù, ni wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n á dín in títí yóò fi dúdú, tí òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò kan. Màámi ní tiwọn ń ta epo pupa lọ́jà Àpòmù. Àpòmù kò jìnnà sí wa. Bí wọ́n bá jáde lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n á ti dé kí oòrùn tó wọ̀. Èmi ni àkọ́bí wọn. Àbúrò mi Múdà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ni àbígbẹ̀yìn, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ sáré lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ọdún yẹn ni onígbáméjì dé, àìsàn tó ń mú kí èèyàn máa bì kó sì máa yàgbẹ́ títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Rédíò ti ń sọ ọ́ pé ó ń jà láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n létí àwa ọmọdé, ibi tó jìn ni rédíò máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. A ò mọ̀ pé ó ti dé tòsí wa títí di ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwé pa. Inú wa dùn, a rò pé ìsinmi ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn náà pa Sìdí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Wọn ò sọ fún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kàn rí i pé bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, àwọn àgbà á rán mi níṣẹ́.

Àwọn wolé-wolé wá, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí gbogbo ìyàwó ilé ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n da òògùn sínú kànga. Wọ́n ní kí a máa se gbogbo omi tí a bá fẹ́ mu, kí a máa fi ọṣẹ fọwọ́ kí a tó jẹun àti bí a bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé, kí ẹnikẹ́ni má sì ta oúnjẹ lójú pópó. Ìyá Àgbà gbọ́, wọ́n sì da agbada dòdò wọn dé lọ́jọ́ náà gan-an.

Láti ìgbà náà, òfin wọ ilé wa. Kálukú gba abọ́ tirẹ̀, a wá ń jẹun bí àlejò tó lọ sílé àna. Ìyá Àgbà gbé àpótí sẹ́bàá ilé ìyàgbẹ́, wọ́n jókòó lé e, kẹ́tùlù àlùwàlá wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ òsì. Ọmọ tó bá fẹ́ yọ́ kọjá, wọ́n á gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, ọ̀pá wọn á dá a dúró. "Kí àrùn yìí tó dé ni Ọlọ́run ti ń kọ́ wa ní ìmọ́tótó," ni wọ́n á wí. "Na ọwọ́." Bí ẹnikẹ́ni bá sì ráhùn pé omi tí a sè ń rùn, wọ́n á ní èéfín ò pa ọmọ kankan nílé yìí rí.

Báyìí la wà tí ìròyìn fi dé pé Àǹtí Rábì, àbúrò Màámi tó ń gbé ní Àpòmù, ti dùbúlẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù lọkọ wọn, ó wà lókè Ọya. Ìyá ọkọ wọn ti gbé ọmọ ọwọ́ wọn lọ sí Ìkòyí tó wà nítòsí ibẹ̀, kí àrùn náà má baà ràn án. Kò wá sẹ́ni tó máa tọ́jú aláìsàn. Mo rántí bí Màámi ṣe dúró láàárín àgbàlá, tí wọ́n ń tú gèlè, tí wọ́n tún ń wé e. Bàámi ò ní kí wọ́n má lọ. Wọ́n kàn béèrè pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ìyá Àgbà ló dáhùn. "Lọ tọ́jú ọmọ ìyá ẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fọwọ́ kan àìsàn yẹn, o ò ní wọlé yìí àfi tó bá tán."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò ó, Màmá," ni Màámi wí.

Ọsibítù kékeré tó wà lọ́hùn-ún ti kún. Nọ́ọ̀sì kọ́ Màámi bí wọ́n ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi sísè, ó ní kí wọ́n máa fi ṣíbí bù ú sí Àǹtí Rábì lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má dáwọ́ dúró. Bí ara Àǹtí Rábì bá fúyẹ́ lọ́sàn-án, Màámi á wá wò wá. Wọn kì í dé ilé. Igi àgbálùmọ̀ kan wà lódìkejì pápá tó wà níwájú ilé wa, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí. Ìyá Àgbà á tò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màámi á pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fa ohùn gùn kó lè dé ọ̀dọ̀ wa.

"Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀bà."

"Ṣé ẹ fọwọ́?"

A ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni pé mímọ́ àtẹ́lẹwọ́ wa á hàn dé ọ̀hún. Màámi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn rí i.

Múdà ni ọ̀rọ̀ náà ò yé. Lọ́jọ́ kan, ó já mọ́ Ìyá Àgbà lọ́wọ́, ó kó sínú pápá, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń sáré lọ bá ìyá rẹ̀. Màámi ní kó dúró. Kò dúró. Wọ́n tún pè é, ohùn wọn ti yí padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn, Màámi kẹ̀yìn sí i, wọ́n sì sáré. Mi ò rí i kí wọ́n sáré rí. Obìnrin tó máa ń ru epo rìn bí ẹni tí kò kánjú débìkan, wọ́n di ìró wọn mú, wọ́n ń sá fún ọmọ tí wọ́n bí. Gèlè wọn jábọ́, wọn ò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Múdà ṣubú sínú koríko. Mo ti sáré tẹ̀ lé e. Mo gbé e, ó ń japá, ó ń jasẹ̀. Màámi dúró lókèèrè, orí wọn wà lásán, wọ́n ń mí hẹlẹ. "Gbé e lọ sílé," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan gèlè yẹn." Bàámi ló padà fi igi gbé gèlè náà sínú iná. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá bi Múdà pé ìyá rẹ̀ dà, á ní, "Màámi sá lọ."

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé Àǹtí Rábì ti lè jókòó, pé wọ́n ti ń mu ògì. A wá ń retí Màámi. Wọn ò wá. Lọ́jọ́ kejì, abẹ́ igi tún ṣófo. Bàámi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àpòmù, nígbà tí wọ́n sì dé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Àrùn náà ti mú Màámi. Àǹtí Rábì, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń gbọ̀n, ló jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ń fi ṣíbí bu omi iyọ̀ àti ṣúgà sí Màámi lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí Màámi náà ti ṣe fún wọn.

Kò sẹ́ni tó ń ráhùn èéfín mọ́. A ń fọwọ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè wá, bí ẹni pé bí a bá ṣe é dáadáa, Màámi á yè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí Ìyá Àgbà lórí ẹní. Wọ́n ti parí ìrun tipẹ́, wọn ò dìde. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ọlọ́run, èmi ni mo ní kó má wọlé."

Màámi yè. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa lọ sílé, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ti sè nínú omi gbígbóná, wọ́n sì wá. Wọ́n ti rù, egungun ọrùn wọn yọ síta. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n di ìyàwó ọmọ wọn mú. Àwa yòókù rọ̀ mọ́ wọn. Múdà nìkan ló dúró lẹ́yìn òpó. Màámi kúnlẹ̀ nínú àgbàlá, wọn ò pè é, wọ́n kàn ń wò ó. Ó pẹ́ kó tó fẹ̀gbẹ́ rìn wá. Ó fọwọ́ kan etí wọn, ó yára fà á padà, ó ń wò ó bóyá wọ́n á tún sá. Wọn ò sá. Ó gun itan wọn, kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí oúnjẹ fi jinná.

Nígbà tí ilé ìwé ṣí, tíṣà ò fi ẹnikẹ́ni sí àyè Sìdí. Mo máa ń gbé àpò ìwé mi síbẹ̀ kó má baà ṣófo jù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù tún ilé ńlá náà kọ́, wọ́n ti dí kànga, omi inú ọ̀rá làwọn ọmọ ibẹ̀ ń mu. Nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ní kí àgbà àti ọmọdé jìnnà síra, ojú fóònù ni mo ti ń rí àwọn ọmọ ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ò lọgun gba inú pápá. Síbẹ̀, ọmọbìnrin mi pè mí lọ́jọ́ kan, ó ń sunkún, ó ní àwọn ọmọ rò pé òun ló kórìíra kí wọ́n rí mi. Mo ní kó pe gbogbo wọn jọ sídìí fóònù, mo sì sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí fún wọn, títí dórí èsì tí Màámi fún Múdà nígbà tí òun náà ti di bàbá ọlọ́mọ.

Ọjọ́ Iléyá kan ni. Múdà bi wọ́n bí ẹni ń ṣàwàdà pé, "Màámi, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ sá fún mi?"

Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹran sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ló sá lọ," ni wọ́n wí. "Èmi ò kúrò lọ́dọ̀ ẹ."