Ìka Mẹ́rin Láàrin Ẹsẹ̀ Mi àti Pẹ́dàlì

“Dúró dáadáa. Gìgísẹ̀ kó kanlẹ̀. Mo rí ẹ o, ọ̀bọ!”

Mo sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀. Bàbá aránṣọ tẹ rúlà onígi rẹ̀ mọ́ àtàrí mi, ó fi ṣọ́ọ̀kì búlúù fa ìlà sára òpó ilẹ̀kùn. Òórùn èédú inú áyọ́ọ̀nù àti ti òróró máṣíìnì wà lára aṣọ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n rán wọn mọ́ ọn. Nígbà tí mo yíjú padà, ìlà mi ti ọdún yẹn àti ti èṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Ìlà àbúrò mi ọkùnrin, tí mo fi ọdún kan jù lọ, ti wà lókè níbi tí ọwọ́ mi ò tó.

“Òun ń ga, ìwọ ń rò,” ni Bàbá wí. Ó ju téèpù sọ́rùn, ó ké sí ọmọ tó kàn.

Kì í ṣe bàbá mi; aránṣọ àdúgbò ni, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ní Zangouettin, lẹ́yìn ọjà ńlá Ouagadougou, òun ló ń rán kakí ilé-ìwé fún gbogbo ọmọ Yorùbá àdúgbò wa. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé-ìwé wọlé, àwọn ìyá á kó wa lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a ó tò bí ìgò. Ọkùnrin kúkúrú ni òun náà. Wọ́n ní ó ru máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ lórí kúrò ní Kúmásì nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àlejò fi Gánà sílẹ̀, àti pé máṣíìnì náà ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, á sì rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó rín.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹjọ́ mi bó ṣe yẹ, torí mo ti rí i pé ẹni tí kò bá to ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n á ní inú kàn ń bí i lásán ni.

Ọ̀rọ̀ etí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, kí wọ́n tó gba ọmọ sí ìwé kìíní, ọmọ náà á gbé apá ọ̀tún kọjá lórí, á fi ọwọ́ kan etí òsì. Ọmọ ọdún méje ni mí. Apá mi kọjá orí, ó dúró lórí irun. Ìwé ọjọ́-ìbí mi wà lọ́wọ́ bàbá mi, ó nà án sí ọ̀gá ilé-ìwé.

“Ọ̀gá, ọdún méje ni. Ìwé ẹ̀ rèé.”

“Apá ẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn. Ẹ mú un wá lámọ̀dún.”

Kò wo ìwé náà rárá. Àbúrò mi kàn sìn wá lọ ni. Ó rí ohun tí mò ń ṣe, ó fi ṣeré, ọwọ́ rẹ̀ sì di etí mú gírígírí. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi mú ọmọ kan lọ forúkọ sílẹ̀, òmíràn ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fọ àwo nílé, tí ẹni tí mo ṣíwájú wáyé ń kọ́ mi ní á, bé, sé ti Faransé.

Àbúrò mi parí ìwé kẹfà ṣáájú mi. Bàbá mi, tó ń ta ẹ̀yà ara mótò ní Paspanga, ra kẹ̀kẹ́ ńlá kan fún un kó lè máa lọ sí lísè, ilé-ìwé gíga tó wà lọ́nà Kossodo, níbi tí àwọn tírélà ti ń sáré. Ọdún kan péré ló lò níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni, àmọ́ tí ẹ bá rí i lẹ́yìn, ẹ ó kí i ní “ẹ kú iṣẹ́”. Bàbá mi wò ó lọ́jọ́ kan tó ń wọlé, ó ní, “Géńdé báyìí ló ń bá àwọn ọmọdé jókòó lórí bẹ́ńṣì? Wá bá mi gbé páálí.” Bí ìwé rẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti ògiri, adìyẹ sì ń sùn lórí rẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an ni èmi ṣe ìdánwò ìwé kẹfà. Èmi ni mo ṣíwájú gbogbo kíláàsì. Bàbá mi yọ̀, kò ṣeé sẹ́, ó tilẹ̀ ra ẹran sísun wálé. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó ní, “Lísè jìnnà. Kẹ̀kẹ́ wà, ẹsẹ̀ ẹ ò tó o. Lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá aránṣọ. Wọn ò ní kí aránṣọ ga.”

Ẹ wò ó dáadáa. Èyí ga jù fún bẹ́ńṣì, ìyẹn kúrú jù fún kẹ̀kẹ́. Ọ̀pá kan náà ni wọ́n fi lé àwa méjèèjì.

Mi ò sunkún. Mo mú àpótí ìjókòó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mótò ti ń han lójú títì, eruku ti ń gòkè, Bàbá ń fọ́n omi láti ẹnu sórí kakí kó tó lọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ta ló rán ẹ?”

“Bàbá mi ni. Wọ́n ní kí n wá kọ́ṣẹ́.”

“Ìwọ tó gba ipò kìíní?”

“Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ò kan pẹ́dàlì.”

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, ó na téèpù láti ìbàdí mi dé gìgísẹ̀. Ó ní kí n lọ yí kẹ̀kẹ́ náà wá. Ó fi súpánà tẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ títí kò fi lè lọ sílẹ̀ mọ́, ó wá na téèpù láti orí rẹ̀ dé pẹ́dàlì. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ká àtàǹpàkò pamọ́.

“Ìka mẹ́rin,” ló wí. “Nítorí ìka mẹ́rin ni wọ́n ṣe fẹ́ pa ìwé ọmọ?” Ó tutọ́ sílẹ̀. “Tí aṣọ bá tóbi ju ọmọ lọ, a kì í fa ọmọ gùn. Aṣọ là ń dín.”

Ó ní kí n lọ ṣa àwọn sílípáàsì tó ti já nínú àgbàlá wá. Ó gé wọn ní ìwọ̀n pẹ́dàlì, ó kó wọn léra títí wọ́n fi pé ìka mẹ́rin, ó fi rọ́bà táyà bò wọ́n lójú. Okùn tó fi ìda pa ló fi rán wọn, bí ẹni tó ń rán aṣọ ìsìnkú ọba, ó sì so wọ́n mọ́ pẹ́dàlì. Ó pé lójú. Mo gun kẹ̀kẹ́, mo tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Pẹ́dàlì yí po, rọ́bà wọlé sábẹ́, ẹsẹ̀ mi tẹ òfìfo, mo sì ṣubú lu agolo omi rẹ̀.

Ọkùnrin Mossi kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lódìkejì títì rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ó fi Mooré, èdè wọn, ké sí wa pé apá kan ṣoṣo ni Bàbá rán nǹkan sí, ibi tó bá wúwo ló ń yí sísàlẹ̀. Bàbá lajú. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn ló ní ojú, tó sì ní ẹ̀yìn. Kò rò ó rí pé pẹ́dàlì kò ní ẹ̀yìn.

“Barka,” ìyẹn “o ṣeun” lédè wọn, ló fi dá ọkùnrin náà lóhùn, ó sì jókòó rán ti ojú kejì.

Nírọ̀lẹ́, ó ránṣẹ́ pe bàbá mi.

“Bàbá, ẹ̀yin tí mo fọmọ fún pé kí ẹ kọ́ ọ níṣẹ́?”

“Mo ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ tó kọ́ lónìí, òun nìyí.” Ó yíjú sí mi. “Gùn ún dé mọ́sálásí, kí o padà wá.”

Mo gùn ún. Ìpàdé rọ́bà àti bàtà mi kò dún. Ohun tí mò ń gbọ́ ni ṣéènì, àti ọkàn mi. Nígbà tí mo ṣẹ́rí padà, bàbá mi wà lójú títì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Bàbá aránṣọ kò tiẹ̀ wò mí. Ojú bàbá mi ló ń wò.

“Ó dáa,” ni bàbá mi wí. “Dákọ̀ọ̀, mo gbà. Tí o bá ṣubú lọ́nà Kossodo, má fi orúkọ mi ké o.”

“Orúkọ tèmi ni kó fi ké,” ni Bàbá dáhùn.

Bí mo ṣe dé lísè nìyẹn. Lọ́dọọdún, tó bá wọn gbogbo ọmọ tán, á wọn ẹsẹ̀ mi, á tú okùn, á yọ sílípáàsì kan kúrò lójú méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń tú ẹsẹ̀ aṣọ sílẹ̀ fún ọmọ tó ń dàgbà. Ó yọ ọ́ títí ó fi ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn, mi ò ga tó láti yọ ọ́ rí. Òun ni mo gùn dé yunifásítì. Níbẹ̀ a pọ̀ débi pé ẹni tí kò bá jí dé á dúró sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ìwé láti ẹnu ẹni tó ga níwájú mi, torí mi ò rí pátákó. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti kà á pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń béèrè bóyá ẹni tó ga ló ń kàwé jìnnà. Mi ò ní kí wọ́n má béèrè. Ọmọ tó jẹun kánú ló ń ga, òun náà ló ń rí agbára jókòó ti ìwé. Ẹran tó wà nínú àwo àbúrò mi kò sí nínú tèmi. Mo mọ̀, èmi ni mò ń bu ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọn ọmọ tán, ẹ wo ẹni tó di téèpù mú pẹ̀lú, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Wọ́n ti wó Zangouettin. Òpó ilẹ̀kùn náà bá a lọ, pẹ̀lú gbogbo ìlà búlúù wa, kò sì sẹ́ni tó bi wá bóyá a fẹ́ gbé e. Bàbá kó lọ sẹ́yìn ìlú, níbi tí kò ti sí ọmọ kankan láti wọ̀n. Kò pé ọdún méjì tó fi kú.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi wá kí mi ní bíúrò. Ó tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó mú rọ́bà pẹ́dàlì tó ṣẹ́kù yẹn, tí mo gbé sórí tábìlì mi, ó yí i lọ́wọ́.

“Kẹ̀kẹ́ mi,” ló wí.

“Hẹn.”

“Bàbá yẹn ì bá gbé bẹ́ńṣì ga fún èmi náà.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ká ní ẹnìkan sọ fún un.”

Ó gbé rọ́bà náà padà síbi tó ti mú un, ó ní òun ń lọ, mótò òun wà nínú oòrùn.

Mo ti ka ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn níhìn-ín, mo sì kà á pé. Ó ku ẹyọ kan. Gbogbo ọdún tí mo fi gun kẹ̀kẹ́ àbúrò mi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gbé páálí, mi ò bi í rí bóyá ó ṣì fẹ́ kàwé. Bàbá fi ìka mẹ́rin kọ́ mi pé aṣọ là ń dín. Èmi mọ ọ̀rọ̀ náà sórí, mo sì gun kẹ̀kẹ́ lọ lémi nìkan. Rọ́bà náà ṣì wà lórí tábìlì. Ìyókù gíga mi ni, mo sì rò pé díẹ̀ nínú ti àbúrò mi náà wà níbẹ̀.