Ọjọ́ Tí Mo Pààrọ̀ Fílítà Lójú Ìyá Ọkọ Mi

Nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ Àbújá lọ́wọ́, Kwali ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Òun ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Garki, èmi sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, tó ń fún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó sì ń yẹ aláboyún wò. Alùpùpù ni ìjọba fún mi ṣe iṣẹ́ náà, nítorí kò sí ọkọ̀ tó ń dé ibi tí mò ń lọ. Níbi tí a ti kọ́ṣẹ́, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gùn ún, wọ́n sì kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, torí kò sí mẹkáníìkì nínú igbó. Eruku ọ̀nà wa kì í ṣe eruku eré. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ lásìkò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á nọ́ọ̀kì, á wá fẹsẹ̀ rìn délé. Èmi kì í fi tèmi falẹ̀.

Lásìkò ọyẹ́ kan, ìyá ọkọ mi wá kí wa láti ìhà Ọ̀ṣun. Ó gbé iṣu wá, ó gbé gàrí wá, ó sì gbé ọ̀rọ̀ wá. Ó ti pẹ́ tí a ti ṣègbéyàwó, a kò sì tíì bímọ. N kò ní pè é ní ènìyàn burúkú, torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn jókòó nílé rẹ̀, ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó sì rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi: máṣíìnì tí mò ń gùn ni. Ó ní ooru ẹ́ńjìnnì ń yan ilé ọmọ mi gbẹ, pé bí oyún bá tilẹ̀ fẹ́ dúró, ọ̀nà gbágungbàgun yóò gbọ̀n ọ́n dànù. Ó ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Kí n dá máṣíìnì padà fún ìjọba. Ọjọ́ Ajé ni yóò padà sílé, ó sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó lọ.

Bí mo bá dá a padà, mo dá iṣẹ́ náà padà nìyẹn. Ẹni tí kò bá gun alùpùpù kò lè ṣe é, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju ohunkóhun tí mo ti ṣe rí.

Ohun tí ìyá náà kò mọ̀ ni pé dókítà ti yẹ àwa méjèèjì wò ní ọsibítù ńlá kan. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ó ní ara ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ wà, pé àtọ̀ rẹ̀ kò lè di ọmọ. Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà ni ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́ nígbà tó bá yá. Mo gbà fún un. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá ń ka ẹ̀sùn sí máṣíìnì lọ́rùn, iṣu ni ọkọ mi ń jẹ, kò gbójú sókè. Inú bí mi sí i gan-an, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí.

Ní ọjọ́ Sátidé, àsìkò tó láti pààrọ̀ fílítà. N kò ṣe é láti fi dá ẹnikẹ́ni lóhùn o. Àsìkò rẹ̀ ló tó. Mo ti alùpùpù lọ sẹ́yìn ilé, mo tan án díẹ̀ kí ọ́ìlì lè gbóná kó lè ṣàn dáadáa, mo gbé ọpọ́n àtijọ́ kan sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi sípánà tú bóòtù ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Obìnrin Gbàgyí tó ń mọ ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kí mi ní èdè Haúsá pé, "Sànnu," ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò jẹ́ tuntun lójú rẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ mi jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń retí èébú. Dípò bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ tú ká.

"O káre," ó ní. "Ilé rere lo ti wá. Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í dá àwo oníàwo padà láìfọ̀ ọ́."

Ìgbà náà ló yé mi pé ó rò pé mò ń tún máṣíìnì ṣe kí n tó dá a padà ni. Kí n tó mọ ohun tí n ó sọ, ó ti so ìró rẹ̀ le, ó ti mú àkísà, ó ń nu eruku orí táǹkì. Ó di ọpọ́n mú fún mi kó má baà yí dànù. Ó ní kí n bá òun rọ ọ́ìlì dúdú náà sínú kẹ́ẹ̀gì, òun yóò fi pa ikán tó ń jẹ òpó ilé wọn. Ó ń ṣe mí lóore tí kò tọ́ sí mi. Mo tú ìdérí tó bo fílítà, mo yọ ti àtijọ́ jáde, ó ti dúdú kirikiri. 

Ọkọ mi ló mú fílítà tuntun wá láti inú ilé. Ìyá rẹ̀ ní kó wá wo ìyàwó rẹ̀, kó wo ọmọlúàbí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi níbẹ̀, ó fi ọwọ́ tí ọ́ìlì wà di apá mi mú. Ó ní ohun tí mo fi sílẹ̀ yìí, Ọlọ́run yóò fi ọmọ rọ́pò rẹ̀, pé ọmọ náà yóò jọ òun. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ọkọ mi kó gbé fílítà fún mi. Kò gbé e.

"Màámi," ó ní, "kò ní dá a padà. Kì í ṣe máṣíìnì. Èmi ni. Dókítà ti sọ fún wa."

Ìyá náà kò pariwo. Èmi ló kọjú sí, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ó béèrè bóyá mo mọ̀. Mo ní mo mọ̀. Ó béèrè bóyá mo ti mọ̀ kí òun tó dé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó lé àpótí ìdáná, ó ń wo àkísà ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tí a ṣí sílẹ̀ nínú ọyẹ́ kò lè máa dúró de ọ̀rọ̀ ẹbí. Mo gba fílítà lọ́wọ́ ọkọ mi, mo ki sípíríǹgì bọ̀ ọ́, mo kọ ojú ihò rẹ̀ sí inú bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà rẹ̀, mo dé e, mo sì fún àwọn bóòtù rẹ̀ níwọ̀n. Mo dá bóòtù ìsàlẹ̀ padà, mo bu ọ́ìlì sí i, mo tan án. Kò jò. Inú mi dùn pé mo rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ mi jáde lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé ìyá rẹ̀. Ìyá náà pè mí sí yàrá, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Iṣẹ́ rẹ, máa ṣe é," ó ní. "Máṣíìnì rẹ, máa gùn ún, mi ò ní sọ̀rọ̀ sí i mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n máa bi mí nílé. Bàbá ọkọ rẹ máa bi mí, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ máa bi mí. Mi ò lè fi ọmọ mi ṣẹ̀sín. Máṣíìnì ni màá sọ. Màá ní mo bẹ̀ ọ́, o ò gbà."

Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́, mà. Ó dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n n kò rí irọ́ mìíràn tí ì bá pa.

A kò bímọ. Nílùú ọkọ mi, èmi ni ìyàwó tí wọ́n ní kó fi máṣíìnì sílẹ̀ kó lè bímọ, tó ní máṣíìnì lòun fẹ́. Bí a bá lọ ṣọdún níbẹ̀, àwọn obìnrin ilé a máa wò mí láti òkè délẹ̀, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Títí ìyá ọkọ mi fi kú, òun ló ń bu oúnjẹ fún mi. Ẹran tó bá tóbi jù nínú ìkòkò, àwo mi ló ń fi sí, kì í sì í wò mí lójú bó bá ń gbé e fún mi.