Ọkọ̀ Òkun Tí Àwọn Àgbẹ̀ Kàn ní Ìlobù

Nígbà tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lágbọ̀n mi, tí mo sì rò pé mo ti gbọ́n tán, ọkọ̀ òkun kan wà ní Ìlobù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò sí òkun ní Ìlobù. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti ọ̀dọ̀ wa, àfi kó wọ lọ́rì láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ náà wà. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti kàn án, èmi sì ni mo bà á jẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pa ìtàn náà fún àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ibi tó bá pa mí lẹ́rìn-ín nìkan ni mo máa ń pa. Ó ti rẹ̀ mí báyìí. Ẹ jókòó, kí n pa á tán lónìí.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ní kété tí ogun abẹ́lé parí. Káfíńtà ni, àmọ́ kì í ṣe káfíńtà ilẹ̀kùn àti àga. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tó ń tún pákó ṣe láàárín agbami. Ó pẹ́ lórí omi débi pé nígbà tó padà wálé, ilẹ̀ kò dúró fún un mọ́. Bó bá ń lọ sọ́jà, á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní ẹmu ló mu. Ó sọ fún mi pé òun rí ẹja kan tó gùn láti Ìlobù dé Ìfọ́n, pé ọjọ́ méjì gbáko ni ọkọ̀ àwọn fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Bí èmi ṣe rí nìyẹn: tí irọ́ bá ti dùn, n kì í bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá kì í fi ṣeré. Nígbà kan, ọkọ̀ ńlá wọn rì, àwọn méje sì bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kan tó ní ìgbòkun. Àwọn ọ̀gá tó kàwé ló ya ọkọ̀ kékeré yẹn, àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ ló sì kàn án. Ìgbì kan ṣoṣo ló dà á dojú dé. Kò dìde mọ́. Méjì péré ló yè nínú wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá ti ń ya ọkọ̀ tirẹ̀ sórí ìwé: ọkọ̀ tí ìgbì lè tì ṣubú, ṣùgbọ́n tí yóò dìde fúnra rẹ̀; ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá lè di òòlù mú lè kàn, ì báà ṣe àgbẹ̀, ì báà ṣe bíríkìlà. Ó ní àwọn tó mọṣẹ́ kò pọ̀ láyé, àwọn tí omi ń pa ló pọ̀.

Ẹ wo bó ṣe yà á. Kò sí pákó kan tí a ó fi iná tẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọọrọ, irú èyí tí wọ́n ń là ní Òṣogbo fún òrùlé. Iwájú rẹ̀ ṣóńṣó, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ṣóńṣó, kí ìgbì tó bá ń lé e bọ̀ lè là sí méjì. Òpó ìgbòkun rẹ̀ kúrú, ọkùnrin méjì lè gbé e nàró. Ìgbòkun náà, àpò fúláwà ni, télọ̀ èyíkéyìí lè rán an. Ìdí rẹ̀ ni àṣírí wà. Igi ńlá tó gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já, tó dà bí eegun ẹ̀yìn fún un, ní ihò gbọọrọ nínú, òjé, irin rírọ̀ tí iná tètè ń yọ́, la ó sì dà sínú ihò náà. Òjé yẹn, tó wúwo bí ẹ̀bi, ni yóò máa fa ìdí ọkọ̀ wálẹ̀. Bí atẹ́gùn bá tì í ṣubú, òjé á fà á dìde.

Nígbà tí mo ń wí yìí, ojú bàbá ti ń ṣú. Wọ́n ti sọ fún un ní ọsibítù pé kò sóògùn, pé díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yóò máa lọ títí yóò fi lọ tán. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ kàn án látinú ìwé rẹ̀, kí òun rí i tó ṣubú sínú omi, kí òun sì rí i tó dìde, kí ojú òun tó pa dé. Ìdí nìyẹn tó fi yan Ìlobù. Ó ní, “Bí àgbẹ̀ tí kò rí òkun rí bá lè kàn án láìbi mí léèrè, a jẹ́ pé ìwé mi pé. Kò sí ibi tí n kò lè rán an lọ nígbà náà.”

Òun fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo àwòrán, ó ń fi imú fara kan bébà. Àmọ́ kò lè kọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ́, ibẹ̀ ni mo ti wọ̀ ọ́.

Ó bi mí pé, “Kíláàsì kélòó lo kà dé?”

Mo ní, “Mo ka mẹ́fà pé, Bàbá.”

“O mọ àmì í fi sórí ọ̀rọ̀?”

“Dáadáa, ẹ̀yin náà!”

Irọ́ ni. Kíláàsì kẹta ni èmi àti pàṣán tíṣà ti túká. Lójú tèmi, àmì orí ọ̀rọ̀ kò ju ìgbẹ́ eṣinṣin lọ. Bàbá ń pè, èmi ń kọ, ojú ìwé mọ́kànlélógójì, n kò sì fi àmì kan ṣoṣo sí i. Nígbà tó dé ìdí ọkọ̀, ó ní kí n kọ ọ́ pé kí wọ́n da òjé sí ihò náà títí yóò fi kún. Mo kọ ọ́: o, j, e. Mo gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀. Ó mi orí, ó ní ó dára. Kò rí i.

Àgbẹ̀ mẹ́rin ló gbà láti kàn án, télọ̀ kan láti Ìfọ́n sì ń ka ìwé fún wọn. Àáfà ni wọ́n ń pè é nítorí ó mọ kéú. Bàbá ṣòfin pé ẹni tó kọ ìwé kò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, kó má baà ṣàlàyé ohun tí ìwé kò wí. Òun náà á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á kẹ̀yìn sí wọn, á máa gbọ́ ìró òòlù. Ìró yẹn pọ̀ débi pé gbogbo ẹyẹ àkókó Ìlobù kó lọ sí Ẹ̀rìn, ojú tì wọ́n. Ẹ má bi mí ní ẹlẹ́rìí, gbogbo wọn ti kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ru iṣu kọjá níbẹ̀, mo rí wọn tí wọ́n ń gbé akèrègbè bọ̀ láti oko. Wọ́n ti ṣá igi ahùn, wọ́n ti ṣá ọ̀pọ̀tọ́, oje funfun ló kún inú akèrègbè.

Ọ̀kan nínú wọn ń wí pé, “Àáfà, ṣé ó dá ọ lójú pé oje ló wà níbẹ̀?”

“O, j, e ni mo rí. Àbí kí n kà á fún ọ ní Lárúbáwá?”

“Kí ni oje fẹ́ ṣe nídìí ọkọ̀?”

Èkejì wá ṣàlàyé bí ọ̀gá. “Ìwọ náà ronú. Omi a máa yọ̀, oje a máa lẹ̀. Oje yìí ni yóò lẹ ọkọ̀ mọ́ omi tí kò fi ní ṣubú.”

“Háà! Àwọn ará òkun mà gbọ́n o!”

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú iṣu lórí. Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí ìdí tí kò fi ní àmì, bàbá á sì mọ̀ pé opùrọ́ ni mí. Mo tún rántí òfin rẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí òfin ṣe máa ń wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ sá pamọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ mì, mo ru iṣu mi wọlé.

Nígbà tí òjò mú kí odò Ẹrinlẹ̀ kún dé bèbè, ọgbọ̀n ọkùnrin yí ọkọ̀ náà lórí ìtì ọ̀pẹ dé odò. Ó léfòó! Ariwo sọ. Ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ obì kan ló fi dúró. Wọ́n ta ìgbòkun, atẹ́gùn fọwọ́ kàn án lásán, ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí tó rí ẹní, ó yí padà, ó kọ ìdí sókè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí.

Bàbá fi ọwọ́ bo iwájú orí, ó ń tẹjú mọ́ omi. Ó ní, “Mo rí i tó ṣubú. Ó ti ń dìde báyìí, àbí?”

Ẹ̀rín dákẹ́. Àáfà ní, “Kò dìde, Bàbá.”

Bàbá ní kí Àáfà ka ibi ìdí ọkọ̀ sókè. Àáfà kà á: “Ẹ da oje sí ihò náà títí yóò fi kún.” Ìyá àgbà kan láti Ìfọ́n, ọ̀kan nínú àwọn olórìṣà aláṣọ funfun, wà lára àwọn tó ń wòran. Ó pòṣé. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀gbà òjé wà.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ńkọ́? Ṣé inú igi ni wọ́n ti fún un?”

Bàbá yíjú wá síbi tí mo dúró. “Ṣé o fi àmì sí i?”

“Mo fi sí i, Bàbá.” Ẹ wò ó, mo tún pa á.

Àáfà gbé ìwé náà sókè, ó ṣí i, ó tún ṣí i. “Bàbá, kò sí ẹyọ àmì kan nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀.”

Mo retí kó lù mí. Kò lù mí. Ó kàn mí èémí bí ẹni tó ti tinú oko tó jìnnà dé. “Lọ fi àmì sí i,” ó ní. “Gbogbo rẹ̀.”

Wọ́n gbẹ́ oje kúrò, wọ́n fọ́ bátìrì lọ́rì tó ti kú, wọ́n yọ́ òjé inú wọn. Ṣùgbọ́n kí òjé tó pé, òjò ti lọ, Ẹrinlẹ̀ ti fà débi pé adìẹ lè wọ́ ọ kọjá. Ó di àmọ́dún. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni ojú bàbá pa dé pátápátá.

Òjò àmọ́dún dé, a gbé ọkọ̀ padà sómi. Ọkùnrin méjìlá fi okùn fà á títí orí òpó rẹ̀ fi kan omi, wọ́n sì jọ̀wọ́ okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ náà gbọn ara, ó dìde ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Bàbá jókòó lórí àpótí, ojú rẹ̀ funfun, ó kọ etí sí omi.

“Ó dìde?”

Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo ní, “Ó dìde, Bàbá.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Èmi ni.”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́.”

Àáfà ló wá sọ ọ́, ó sì mú un lọ́wọ́ wọ inú omi, kó lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. N kò mọ ohun tó ń wí, mo ti kẹ̀yìn sí wọn.

Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà tó fi kú. Ní òjò ọdún yẹn, àgbàrá já okùn ọkọ̀, ó gbé e lọ. Ẹrinlẹ̀ ń wọ inú Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń wọ inú ọ̀sà, ọ̀sà sì ń wọ inú òkun. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọkọ̀ náà dé òkun, pé àwọn apẹja rí i tó ń lọ ní ìdúró, kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Nínú gbogbo irọ́ mi, ìyẹn nìkan ni mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Lóde òní, gbogbo yín kàwé jù mí lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi àmì sí nǹkan kan. Lọ́jọ́sí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin kọ ọ̀rọ̀ sí mi lórí fóònù pé, “Baba, mo ti ri oko.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ọkọ ìyàwó. Ó ṣe, ọkọ̀ tí yóò wọ̀ wá sílé ló rí. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, mo wọlé lọ fa ìwé bàbá yọ lábẹ́ ibùsùn.

Torí n kò tíì parí rẹ̀. Ó ní kí n fi àmì sí gbogbo rẹ̀, mo ní mo gbọ́, mo fi sórí òjé nìkan, mo wá ń wí lọ́dọọdún pé ó dọ̀la. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo di arúgbó ni mo tó kọ́ àmì lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín. Mo ń fi imú fara kan bébà báyìí bíi tirẹ̀. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ló kù. Ojú tèmi tó ń ṣú náà, n kò mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó kù nínú rẹ̀.