Bí Bàbá Mákindé Ṣe Ná Ìnṣọ́ránsì

"Ó dáa, yọ ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Eélòó ló kù?"

Bí olóògbé Mákindé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ Ṣọlápé, ọmọbìnrin tó ń ta ìnṣọ́ránsì ìlera ní Ẹ̀fọ̀n. Ṣọlápé ní ìnṣọ́ránsì kì í ṣe ẹran, àwọn kì í gé e tà.

"Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí rí! Òkè Ẹ̀fọ̀n yìí ni mo ń gùn láràárọ̀. Ìbímọ tí ẹ kọ síbí ńkọ́? Ìyàwó mi ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Bó bá tún bímọ, ẹ̀yin lẹ máa wá sanwó fún mi!"

Martha ìyàwó rẹ̀ fi ìborùn bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ojoojúmọ́ ló ń lo oògùn.

Nígbà tí Bàbá ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìnṣọ́ránsì tọkọtaya. Wọ́n ń yọ ìyókù kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀, Bàbá bá gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Ó fẹ̀yìn tì, ó kó wálé, ó sì mú káàdì lọ sọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì ní káàdì ti kú.

"Ta ló pa á? Èmi tí mo ni ín ṣì wà láàyè!"

"Uṣẹ́ ló ni ín, Bàbá. Ẹ sì ti fi uṣẹ́ sílẹ̀."

"Mo fi uṣẹ́ sílẹ̀, ṣé mo fi ara mi sílẹ̀ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ò ra oògùn. Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ṣọlápé nìyẹn. Ó ná orí, ó ná eyín, ó ní kí wọ́n fi Martha ṣe èènì. Ṣọlápé ní iye kan ṣoṣo ni.

"Dìde, ká re ulé!" Bàbá rọra ń lọ, ó ń retí kí wọ́n pe òun padà bíi tọjà. Ẹnikẹ́ni ò pè é.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé káàdì tuntun fún Martha, ó ń yangàn kiri pé òun ná an dé ìdajì. A gbà á gbọ́. Ta ló tó bá Mákindé nájà?

Nígbà tí Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, Ṣọlápé wá kí Martha.

"Màmá, Bàbá padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn nìkan. Wọn ò ná an rárá. Iye tí a pè ni wọ́n san, wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí orúkọ àwọn má baà bàjẹ́."

Martha rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Kò ná owó orí mi náà."