Oyin Tó Wọ Ògiri Gúnrégé

Gúnrégé ni wọ́n ń pe bíríkìlà náà níbi iṣẹ́, nítorí kò sí ògiri tó mọ tí kì í dúró ṣánṣán. Ilé tó kọ́ fún ara rẹ̀ nìkan ló ní àbùkù. Lẹ́yìn yàrá ìyàwó rẹ̀, lábẹ́ òrùlé, ihò kan wà níbẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ti ní òun máa dí i. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, iṣẹ́ sì pè é lọ sókè òkun kí ọ̀dà ilé náà tó gbẹ tán. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ọkọ ti rọ.

Ìyá ìyàwó ló kù tì í. Ọmọ kan ṣoṣo ni màmá náà bí, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ni Gúnrégé bá lọ mú un wá sílé. Àwọn méjèèjì a jọ jẹun alẹ́, wọn a sọ̀rọ̀ òjò, wọn a sọ̀rọ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lọ́kàn wọn gan-an, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣèèṣì dárúkọ rẹ̀, oúnjẹ tán lẹ́nu ìkejì nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ láti ojú ọ̀run. Ó gbójú sókè. Oyin ni! Wọ́n ṣú dùdù, wọ́n yí òrùlé po, wọ́n sì ń rọ́ wọ inú ihò yẹn bí àlejò tí wọ́n ti ń retí. Orúnkún tí kì í jẹ́ kí màmá dìde bọ̀rọ̀, òun náà ló sáré gbé e wọlé.

Nígbà tí Gúnrégé dé, màmá ò tiẹ̀ jẹ́ kó kí òun tán. "Ọkọ ọmọ mi, a ti ní ayálégbé o!"

Gúnrégé wọ yàrá ìyàwó, níbi tí aṣọ iṣẹ́ funfun kan ṣì wà lórí ìṣó, ó sì gbé etí lé ògiri. Ògiri tó ti dákẹ́ láti ìgbà tí obìnrin náà ti lọ ti wá ń kùn, ó tún lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Kò mọ ìgbà tó jókòó tó fẹ̀yìn tì í. Màmá wá a débẹ̀. Ó fa àga, òun náà gbé etí sí i.

"Bó ṣe máa ń kùn nìyẹn tó bá ń fọ abọ́," ni màmá wí.

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, Màámi?"

"Mo gbọ́ ọ."

Bó ṣe di ohun ìrọ̀lẹ́ wọn nìyẹn. Bí wọ́n bá jẹun tán, ó di ìdí ògiri. Gúnrégé ń tan ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè wá ẹni tó máa kó oyin.

Àmọ́ oyin kì í ṣe adìyẹ. Télọ̀ tó ń gbé ilé kejì gbé ẹ̀rọ ìgékoríko sún mọ́ ògiri wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo ẹ̀rọ náà bí oyin nínú, ni wọ́n bá bò ó. Nígbà tí Gúnrégé fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti wú pa, ètè rẹ̀ ti rí bí búrẹ́dì.

"Mi ò bá yín jà," ni télọ̀ wí lórí ibùsùn. "Ṣùgbọ́n ìyàwó mi lóyún. Ká ní òun ni ńkọ́?"

Ojú ti Gúnrégé. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì gba ibẹ̀ lọ wá bàbá arúgbó kan tó ń sin oyin nínú àpótí lẹ́yìn ìlú.

Bàbá Olóyin wo ògiri, ó mi orí. "Tá a bá pa wọ́n síbẹ̀, afárá á jẹrà, oyin á máa jò, èèrà á gba ilé lọ́wọ́ ẹ. Àfi ká fọ́ ọ."

"Ògiri tí mo fọwọ́ ara mi mọ, Bàbá?"

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Gbé òòlù."

Wọ́n daṣọ borí, bàbá fín èéfín díẹ̀díẹ̀ sí àwọn oyin, Gúnrégé sì fọ́ búlọ́ọ̀kù. Afárá so rọ̀ nínú ògiri lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bàbá gé wọn sínú àpótí, ó wá ìyá oyin títí ó fi rí i, ó mú un wọ inú àpótí náà. Ni àwọn yòókù bá ń tẹ̀ lé e lọ.

"Ibi tí ìyá wọn bá wà, ibẹ̀ nilé," ni bàbá wí.

Màmá tó ń wò wọ́n lókèèrè yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí bàbá ti gbé àpótí oyin lọ, Gúnrégé po sìmẹ́ńtì láti dí ojú ibi tí wọ́n fọ́. Yàrá pa lọ́lọ́. Bó ṣe gbé búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ni fóònù dún. Ìyàwó ni.

"Ibi iṣẹ́ ní kí n ṣì dúró síbí, mo sì ti gbà fún wọn. Ẹ má bínú sí mi."

Gúnrégé sọ búlọ́ọ̀kù kalẹ̀. "Inú ò bí mi. Àárò ẹ ló ń sọ mí. Àárò ẹ ń sọ màmá náà."

Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbọ́ tí ìyàwó ń fa imú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, sìmẹ́ńtì ti fẹ́ gan, màmá sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Má dí i mọ́," ni màmá wí. "Yàrá yìí ṣókùnkùn jù. Fi fèrèsé síbẹ̀."

Ó fi fèrèsé síbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí ìyàwó tún pè, tí wọ́n ń ríra wọn lórí fóònù, Gúnrégé yí ojú fóònù sí fèrèsé náà. Ìyàwó wò ó.

"Kí lẹ máa ń rí látibẹ̀?"

"Títì tó gba ẹ̀yìn ilé," ni Gúnrégé fèsì. "Títí dé ìyànà tí ọkọ̀ gbé ẹ gbà lọ."

Màmá ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀.